Iṣẹ́ Ọ̀gá Ilé-Ìwé Kì Í Tán: Yíyàn Ni Oògùn Rẹ̀

Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ bá yín sọ lónìí kì í ṣe ti ibà tàbí ti ikọ́ tí a sábà máa ń sọ ní ojú ewé yìí. Ọ̀rọ̀ iṣẹ́ ni, àti bí iṣẹ́ ṣe ń di àìsàn sí ènìyàn lára bí a kò bá mọ èyí tí ó yẹ kí a kọ́kọ́ ṣe nínú rẹ̀.

Ìyá kan ló kọ̀wé sí mi. Ọkọ rẹ̀ ni ọ̀gá ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan. Ó ní láti ìgbà tí wọ́n ti fi bàbá náà ṣe ọ̀gá ní ọdún 2 sẹ́yìn, aago 6 àárọ̀ ni í jáde nílé, ilẹ̀ a sì ti ṣú kí ó tó wọlé pẹ̀lú àpò tí ó kún fún ìwé. Bí ó bá jẹun tán, orí àga ni í sùn sí. Bí ó bá di aago 2 òru, a dìde, a tan iná, a tún bẹ̀rẹ̀ sí í kọ̀wé. Orí ń fọ́ ọ lójoojúmọ́. Nígbà tí nọ́ọ̀sì kan wọn ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, 160 lórí 100 ni ó bá. Bàbá náà ní òun kò ráyè ọsibítù báyìí, ó di ìgbà tí wọ́n bá gba ọlidé. Ìyá yìí wá bi mí léèrè pé, ṣé kí òun bẹ ọkọ òun kí ó fi ipò náà sílẹ̀ ni?

Èsì mi rèé. Orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́. Kí bàbá kọ́kọ́ lọ rí dókítà ní ọ̀sẹ̀ yìí, kí ó má dúró de ọlidé, nítorí ẹ̀jẹ̀ ríru kò mọ ọlidé. Lẹ́yìn náà, kí ó jókòó kí ó tún iṣẹ́ rẹ̀ tò. Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀lọpọ̀ ilé tí ń ra ìwé ìròyìn yìí ni ó ní tíṣà tàbí ọ̀gá ilé-ìwé nínú, ìdí nìyí tí mo fi dá ìyá wa lóhùn ní gbangba. Ohun kan ṣoṣo ni mo sì fẹ́ kí ẹ dì mú nínú gbogbo ohun tí n ó sọ: iṣẹ́ ọ̀gá ilé-ìwé kì í tán. Ẹni tí ó bá ní òun yóò sáré títí yóò fi tán, ara rẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ tán. Yíyàn ni oògùn rẹ̀.

OHUN TÍ ÀPỌ̀JÙ IṢẸ́ Ń ṢE SÍ ARA

Bí ènìyàn bá wà nínú ìdààmú, ara a máa tú àwọn èròjà kan sínú ẹ̀jẹ̀. Àwọn oníṣègùn ń pe méjì nínú wọn ní adrenaline àti cortisol. Wọn a mú kí ọkàn máa lù kíkankíkan, kí ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ gòkè, kí ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ sì pọ̀ sí i, kí ara lè rí agbára láti jà tàbí láti sá. Èyí dára púpọ̀ bí ejò bá yọ sí wa lójú ọ̀nà oko. Bí ejò bá ti kọjá lọ, ọkàn a rọlẹ̀, ara a padà sí bí ó ti wà.

Ṣùgbọ́n ejò ti ọ̀gá ilé-ìwé kì í kọjá lọ. Bí òbí kan tí ń bínú bá ti jáde ní ọ́fíìsì, lẹ́tà ìjọba a wọlé. Bí a bá ti fèsì lẹ́tà, wọn a ní ọmọ kan ti ṣubú ní pápá. Bẹ́ẹ̀ ni ara yóò ṣe wà lójúfò láti òwúrọ̀ di alẹ́. Oorun a di ségesège. Ẹni tí kò bá sì sùn tó, ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kò ní í rí àyè sọ̀kalẹ̀ lóru bí ó ti yẹ.

Ní ọdún 2021, Àjọ Ìlera Àgbáyé àti Àjọ Òṣìṣẹ́ Àgbáyé gbé àbájáde ìwádìí kan jáde lórí ọ̀rọ̀ yìí. Wọ́n rí i pé ẹni tí ó bá ń ṣiṣẹ́ fún wákàtí 55 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lọ́sẹ̀, ewu àrùn rọpárọsẹ̀ lórí rẹ̀ fi nǹkan bí 35 nínú 100 ju ti ẹni tí ń ṣe wákàtí 35 sí 40 lọ. Ewu kí àrùn ọkàn pa á sì fi nǹkan bí 17 nínú 100 pọ̀ sí i. Wọ́n ṣírò rẹ̀ pé ní ọdún 2016 nìkan, àwọn ènìyàn tí ó tó 745,000 ni irú iṣẹ́ àṣekúdórógbó bẹ́ẹ̀ ti ipa àrùn méjèèjì yìí pa ní gbogbo ayé.

Ẹ jẹ́ kí a fi ṣírò díẹ̀ sí i. Ẹni tí ó bá wà lẹ́nu iṣẹ́ láti aago 7 àárọ̀ di aago 6 ìrọ̀lẹ́ fún ọjọ́ 5, wákàtí 55 ti pé lọ́rùn rẹ̀. A kò tí ì ka èyí tí ó ń ṣe lóru, a kò sì tí ì ka ti ọjọ́ Àbámẹ́ta.

Ní ọdún 2019, Àjọ Ìlera Àgbáyé yìí kan náà ṣàpèjúwe ipò kan tí àwọn elédè Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní burn-out. Wọ́n ní kì í ṣe àrùn fúnra rẹ̀, ṣùgbọ́n ohun tí másùnmáwo ibi iṣẹ́ máa ń bí ni, bí a kò bá bójú tó o. Àmì mẹ́ta ni ó ní. Èkíní, okun a tán pátápátá. Èkejì, ọkàn a kúrò lára iṣẹ́, a bẹ̀rẹ̀ sí í fi ojú burúkú wò ó. Ẹ̀kẹta, iṣẹ́ kì í yọrí mọ́ bí ti tẹ́lẹ̀. Bí ẹ bá rí ọ̀gá tí ó fẹ́ràn ọmọdé tẹ́lẹ̀, tí ó wá di ẹni tí ariwo ọmọ kan ṣoṣo ń bí nínú, ẹ má tètè pè é ní ìkà. Ó lè jẹ́ pé okun ti tán nínú rẹ̀.

ÌDÍ TÍ TI Ọ̀GÁ ILÉ-ÌWÉ FI YÀTỌ̀

Tíṣà mọ kíláàsì rẹ̀, ó mọ ẹ̀kọ́ tí ó kàn, agogo a sì máa lù fún un. Iṣẹ́ ọ̀gá kò ní odi. Òun ni yóò yẹ rẹ́jísítà wò, òun ni yóò ka nóòtì ẹ̀kọ́ àwọn tíṣà, òun ni yóò gba alábẹ̀wò lálejò, òun ni yóò bá ẹgbẹ́ òbí àti olùkọ́ ṣèpàdé. Bí ẹ̀rọ omi bá bàjẹ́, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni wọn yóò wá. Bí tíṣà kan bá ń ṣàìsàn, òun ni yóò wá ẹni tí yóò dúró fún un. Láyé tí a wà yìí, fóònù alágbèéká ti wá sọ ilé di ọ́fíìsì: àṣẹ lè ti ọ̀dọ̀ ìjọba wọlé lórí WhatsApp ní aago 9 alẹ́ pé kí orúkọ gbogbo ọmọ dé ọwọ́ àwọn kí ilẹ̀ ọ̀la tó ṣú.

Ẹrù yìí kò bẹ̀rẹ̀ lónìí. Ní ọjọ́ 17 oṣù kìíní ọdún 1955, ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn lábẹ́ Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Àwọn ọmọ tí ó wà ní ilé-ìwé ní ọdún 1954 jẹ́ nǹkan bí 457,000; ní ọdún 1955 wọ́n lé ní 811,000. Ẹ wo ohun tí ó já lé àwọn ọ̀gá ilé-ìwé ìgbà náà léjìká: ìjókòó kò tó, yàrá kò tó, bẹ́ẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ nínú àwọn tíṣà tí a gbà kò tí ì kọ́ iṣẹ́ olùkọ́ rárá. Ní ọdún 1999, ìjọba àpapọ̀ tún bẹ̀rẹ̀ ètò ẹ̀kọ́ fún tolórí tẹlẹ́mù, òfin ọdún 2004 sì sọ ọ́ di dandan fún ọdún 9 gbáko. Ohun rere ni gbogbo rẹ̀, kò sí ẹni tí yóò bá a wí. Àwọn ọmọ pọ̀ sí i, ìwé ìjọba pọ̀ sí i, ṣùgbọ́n wákàtí inú ọjọ́ kò kúrò ní 24.

Ẹ KỌ́KỌ́ KỌ IṢẸ́ NÁÀ SÍLẸ̀

Ẹnikẹ́ni kò lè to ẹrù tí kò rí. Nítorí náà, kí ọ̀gá ra ìwé àkọsílẹ̀ kékeré kan. Fún ọjọ́ 5, láti ọjọ́ Ajé títí di ọjọ́ Ẹtì, kí ó máa kọ gbogbo ohun tí ó bá ṣe sínú rẹ̀: aago tí ó bẹ̀rẹ̀, aago tí ó parí, ẹni tí ó gbé e wá, àti bóyá ẹlòmíràn lè ṣe é. Kí ó má fi ohunkóhun pamọ́, ìbáà ṣe kọ́kọ́rọ́ ni ó fi ìṣẹ́jú 20 wá.

Bí ọ̀sẹ̀ bá parí, kí ó ka ìwé náà. Mo ti rí àwọn tí ó ṣe èyí, ẹnu sì ya púpọ̀ nínú wọn. Wọ́n rò pé ìwé ìjọba ni ó ń gba gbogbo àkókò àwọn, ṣùgbọ́n wọ́n rí i pé ìdálọ́wọ́kọ́ ni: ẹnìkan kan ilẹ̀kùn, ẹnìkan pè, ẹnìkan kàn fẹ́ sọ̀rọ̀ ìṣẹ́jú kan. Bí ọkàn bá sì ti kúrò lórí iṣẹ́ kan, kì í padà débẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Lẹ́tà tí ó yẹ kí ó gba ìdajì wákàtí a wá gba wákàtí méjì.

Kíkọ iṣẹ́ sílẹ̀ tún wúlò fún oorun. Ní ọdún 2018, àwọn olùwádìí ní Yunifásítì Baylor ní Amẹ́ríkà ní kí àwọn ènìyàn kan fi ìṣẹ́jú 5 kọ iṣẹ́ tí wọn yóò ṣe lọ́jọ́ iwájú sílẹ̀ kí wọ́n tó sùn, kí àwọn mìíràn sì kọ èyí tí wọ́n ti ṣe tán. Àwọn tí ó kọ iṣẹ́ iwájú sílẹ̀ ni ó tètè sùn. Ó jọ pé ohun tí a bá ti fi sínú ìwé, ọkàn a gbà láti sọ ọ́ kalẹ̀.

ÒKÌTÌ MẸ́RIN

Lẹ́yìn èyí, kí ó pín gbogbo iṣẹ́ inú ìwé náà sí òkìtì mẹ́rin. Ìbéèrè méjì péré ni yóò bi iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan: ṣé pàtàkì ni? Ṣé kánjúkánjú ni? Ẹ ṣàkíyèsí pé ọ̀tọ̀ ni pàtàkì, ọ̀tọ̀ ni kánjúkánjú. Ohun pàtàkì ni èyí tí ẹ̀kọ́, ìlera tàbí ààbò àwọn ọmọ rọ̀ mọ́. Ohun kánjúkánjú ni èyí tí ń pariwo.

Òkìtì kìíní ni èyí tí ó ṣe pàtàkì tí ó sì jẹ́ kánjúkánjú. Ọmọ ṣubú, ó dákú. Ògiri kan fẹ́ wó. Ẹni tí a kò mọ̀ wá fẹ́ mú ọmọ lọ ní ẹnu ọ̀nà. Kí ọ̀gá ju ohun gbogbo sílẹ̀, kí ó dìde.

Òkìtì kejì ni èyí tí ó ṣe pàtàkì ṣùgbọ́n tí kò pariwo. Wíwọ kíláàsì lọ wo bí wọ́n ti ń kọ́ àwọn ọmọ. Jíjókòó ti tíṣà tuntun. Yíyẹ òrùlé wò kí òjò tó dé. Mímúra ìdánwò sílẹ̀ ní àkókò. Rírí dókítà. Òkìtì yìí ni iṣẹ́ ọ̀gá gan-an, òun náà ni a sì máa ń pa tì jù, nítorí kò sí ẹni tí yóò kanlẹ̀kùn láti béèrè rẹ̀.

Òkìtì kẹta ni èyí tí ń pariwo ṣùgbọ́n tí kò ṣe pàtàkì pé kí ọ̀gá fúnra rẹ̀ ṣe é. Àwọn tí ń ta ìwé, fọ́ọ̀mù tí akọ̀wé lè kọ, ìpè tí igbákejì lè gbà, ta ni ó mú ṣọ́ọ̀kì. Òkìtì kẹrin ni èyí tí kò ṣe pàtàkì tí kò sì jẹ́ kánjúkánjú: ìpàdé gígùn tí kò ní kókó, àti fídíò oríṣiríṣi tí wọ́n ń fi ránṣẹ́ lórí fóònù.

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ rí ni bí òkìtì kejì ṣe ń bí òkìtì kìíní. Òrùlé tí a kò yẹ̀ wò ní oṣù kìíní, ìjì oṣù kẹrin ni yóò ṣí i, yóò sì di kánjúkánjú. Tíṣà tuntun tí a kò ràn lọ́wọ́ ní ọ̀sẹ̀ kejì, òbí mẹ́wàá ni yóò wá jà nítorí rẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ kẹjọ. Ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ tí a kò wọ̀n, àrùn rọpárọsẹ̀ ni yóò wá ròyìn rẹ̀. Ẹni tí ó bá ń fi wákàtí kan lójúmọ́ ṣe òkìtì kejì, díẹ̀díẹ̀ ni òkìtì kìíní yóò máa dín kù fún un.

Orúkọ Dwight Eisenhower, tí ó jẹ́ ààrẹ Amẹ́ríkà láti ọdún 1953 sí 1961, ni ọ̀pọ̀ ènìyàn fi ń pe ètò yìí, nítorí pé ní ọdún 1954 ó sọ̀rọ̀ ní ìlú Evanston lórí ìyàtọ̀ tí ó wà láàrín kánjúkánjú àti pàtàkì. Òun fúnra rẹ̀ sọ pé ẹnu ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ gíga kan tẹ́lẹ̀ rí ni òun ti gbọ́ ọ. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1955, àìsàn ọkàn dá ọkùnrin yìí dùbúlẹ̀ ní ìlú Denver, ó sì lo ju ọ̀sẹ̀ mẹ́fà lọ ní ọsibítù. N kò sọ pé iṣẹ́ nìkan ni ó fà á, nítorí ó ti fi ọ̀pọ̀ ọdún mu sìgá gan-an. Ohun tí mo fẹ́ fà yọ ni pé ìjọba Amẹ́ríkà kò dúró. Igbákejì rẹ̀ ń darí ìpàdé, àwọn olùrànlọ́wọ́ rẹ̀ ń ṣe iṣẹ́ wọn, òun sì sinmi títí ara rẹ̀ fi yá. Ó tún wọlé ìbò ní ọdún 1956. Bí Amẹ́ríkà bá lè dúró de ààrẹ tí ń gba ìtọ́jú, ilé-ìwé wa lè dúró de ọ̀gá tí ó lọ wọn ẹ̀jẹ̀ rẹ̀.

ỌWỌ́ KAN KÒ GBÉ IGBÁ DÓRÍ

Àwọn baba wa mọ ọ̀rọ̀ yìí kí ìwé tó dé. Ní ààfin Ọ̀yọ́ láyé àtijọ́, ọlá Aláàfin kò kéré, síbẹ̀ kò dá ohun gbogbo ṣe. Àwọn ìwẹ̀fà ńlá mẹ́ta wà lábẹ́ rẹ̀. Ọ̀nà Ẹ̀fà ń gbọ́ ẹjọ́ ní orúkọ ọba, Ọ̀tún Ẹ̀fà ń bójú tó ọ̀rọ̀ ìbọ Ṣàngó, Òsì Ẹ̀fà sì ń ṣojú ọba nínú ọ̀rọ̀ ìṣàkóso. Pípín iṣẹ́ kò dín adé kù lórí ọba.

Ṣùgbọ́n pípín iṣẹ́ yàtọ̀ sí sísọ iṣẹ́ nù. Bí ọ̀gá bá fẹ́ gbé iṣẹ́ lé ẹnìkan lọ́wọ́, kí ó sọ ohun mẹ́rin fún un: ohun tí iṣẹ́ náà jẹ́ àti bí yóò ti rí bí ó bá parí, ọjọ́ tí yóò parí, ohun tí ó lè pinnu láìbi ẹnikẹ́ni, àti ọjọ́ tí yóò wá jíṣẹ́. Lẹ́yìn èyí, kí ó yọwọ́. Ọ̀gá tí ó bá gbé iṣẹ́ fún igbákejì rẹ̀ ní àárọ̀, tí ó sì gbà á padà ní ọ̀sán nítorí pé kò yára tó, ti sọ iṣẹ́ kan di méjì.

Kí ó má sì di gbogbo ẹrù lé tíṣà kan ṣoṣo lórí nítorí pé ẹni náà kì í kọ̀. Tíṣà náà ní ẹ̀jẹ̀ nínú ara. Kí a pín in káàkiri: igbákejì fún àtẹ àkókò ẹ̀kọ́ àti ọ̀rọ̀ àwọn tíṣà tí kò wá, akọ̀wé fún fọ́ọ̀mù, ẹnìkan fún eré ìdárayá, ẹnìkan fún ìmọ́tótó, ẹnìkan fún ìwé àwọn ọmọ tuntun.

Àwọn iṣẹ́ kan wà tí a kì í gbé fún ẹlòmíràn. Bí ọmọ bá sọ pé ẹnìkan ń hùwà ìkà sí òun, ọ̀gá ni yóò gbọ́ ọ. Ìwé owó, ọ̀gá ni yóò kà á kí ó tó fọwọ́ sí i. Bíbá tíṣà tí ó ṣìṣe wí, ọ̀gá ni yóò ṣe é, ní ìkọ̀kọ̀. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́.

Mo mọ̀ pé ẹnìkan yóò sọ pé, “Ilé-ìwé tèmi kò ní akọ̀wé, tíṣà mẹ́ta péré ni wá, èmi náà sì ń kọ́ kíláàsì kan.” Òótọ́ ni, irú rẹ̀ pọ̀. Ẹni tí kò ní ẹni tí yóò pín ẹrù fún, kí ó dín ẹrù kù. Kí ó bẹ ẹgbẹ́ òbí àti olùkọ́ kí wọ́n gba ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ omi àti ti ọgbà sọ́wọ́. Bí àṣẹ mẹ́ta bá sì ti òkè dé lọ́jọ́ kan náà, kí ó kọ̀wé sí àwọn tí ó pàṣẹ pẹ̀lú ọ̀wọ̀: “Ẹ̀yin ọ̀gá mi, mo rí àṣẹ yín. Mo lè parí ọ̀kan kí ọ̀la tó pé, àwọn yòókù yóò di ọjọ́ Ẹtì. Èwo ni kí n kọ́kọ́ ṣe?” Ìbéèrè yìí kì í ṣe àfojúdi. Ó sàn ju kí a ṣe mẹ́ta ní àṣetì lọ. Ẹni tí ó bá lé eku méjì yóò pòfo, ká má ṣẹ̀ṣẹ̀ wá sọ ẹni tí ó lé mẹ́ta.

BÍ A TI Ń TO WÁKÀTÍ

Ní ìbẹ̀rẹ̀ táàmù, kí ọ̀gá lẹ ìwé ńlá kan mọ́ ògiri, kí ó kọ gbogbo ọ̀sẹ̀ táàmù náà sí i: ìgbà ìdánwò, ìgbà ìpàdé òbí, ìgbà tí ìwé ìjọba gbọ́dọ̀ wọlé. Yóò rí ọ̀sẹ̀ tí ẹrù yóò pọ̀ sí kí ó tó dé.

Ní ọ̀sán ọjọ́ Ẹtì, kí ó fi ìdajì wákàtí wo ọ̀sẹ̀ tí ń bọ̀. Bẹ́ẹ̀ ni iṣẹ́ kò ní bá a lọ sílé ní òpin ọ̀sẹ̀. Ní àràárọ̀, kí ó mú ohun mẹ́ta péré nínú ìwé rẹ̀, kí ó sì ní, “Bí mo bá ṣe mẹ́ta yìí lónìí, ọjọ́ mi kò ṣòfò.” Kí ọ̀kan nínú mẹ́ta náà ti inú òkìtì kejì wá.

Wákàtí àkọ́kọ́ lẹ́yìn àpéjọ òwúrọ̀ ni ara ṣì lé. Kí ó fi wọ kíláàsì. Kí ó kọ wákàtí àlejò sí ẹnu ilẹ̀kùn, bí àpẹẹrẹ aago 12 sí aago 1, àfi ọ̀rọ̀ òkìtì kìíní nìkan ni kò ní àkókò. Kí ó máa wo fóònù ní ìgbà méjì tàbí mẹ́ta lójúmọ́ fún ọ̀rọ̀ iṣẹ́, kí ó sì mú aago kan tí yóò kúrò ní ilé-ìwé. Iṣẹ́ a máa gba gbogbo àyè tí a bá fún un.

ARA Ọ̀GÁ NÁÀ ŃKỌ́?

Kí ó wọn ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Bí ó bá ń jẹ́ 140 lórí 90 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ní ọjọ́ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, àwọn dókítà ń pè é ní ẹ̀jẹ̀ ríru. Ọ̀pọ̀ ẹni tí ó ní i ni kò mọ̀, nítorí kì í sábà dunni. Bí dókítà bá fún un ní oògùn, kí ó má dá a dúró fúnra rẹ̀ nítorí pé ara ti yá.

Kí ó sinmi lé àga jẹ oúnjẹ ọ̀sán. Kí iyọ̀ ọjọ́ kan má ju ṣíbí tíì kan lọ, tòun ti èyí tí ó wà nínú magí. Kí ó máa fi ẹsẹ̀ rìn kánmọ́kánmọ́ fún ìdajì wákàtí ní ọjọ́ 5 láàrín ọ̀sẹ̀. Kí ó sùn tó wákàtí 7 ó kéré tán. Kí ó ṣọ́ra fún oògùn orí fífọ́ tí a ń rà ní kẹ́míìsì láìrí dókítà. Púpọ̀ nínú wọn a máa dá ọgbẹ́ sí inú bí a bá ń lò wọ́n lójoojúmọ́, àwọn mìíràn a sì máa mú ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ gòkè.

Bí ẹnu ẹnìkan bá ṣàdédé wọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan, tí apá kan kò ṣe é gbé mọ́, tàbí tí ọ̀rọ̀ ń lọ́ lẹ́nu rẹ̀, ẹ má fi òróró pa á, ẹ má sì fún un ní oúnjẹ tàbí oògùn mu. Ẹ kíyè sí aago tí ó bẹ̀rẹ̀, kí ẹ sì sáré gbé e lọ sí ọsibítù lójú ẹsẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni bí àyà bá ń dùn ún bí ẹni pé nǹkan wúwo tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀.

Ẹ̀YIN ARÁ ILÉ

Ẹ̀yin ìyàwó, ẹ̀yin ọkọ, ẹ̀yin ọmọ ọ̀gá ilé-ìwé, ẹ̀yin náà ní ipa. Ẹ má bá a jà nítorí pé ó pẹ́ dé; ẹ bi í léèrè pé, “Kí ni ẹ̀yin nìkan lè ṣe nínú gbogbo èyí?” Ẹ jọ fohùn ṣọ̀kan lórí aago kan tí fóònù yóò kúrò lọ́wọ́ rẹ̀ lálẹ́. Ọmọ tí ó ti dàgbà lè bá a to ìwé, bí kò bá ti sí àṣírí nínú rẹ̀. Ẹ bá a lọ sí ọsibítù ní ọjọ́ tí dókítà dá, nítorí ẹni tí iṣẹ́ ti wọ̀ lára kì í dá lọ. Bí ọ̀gá náà bá sì jẹ́ obìnrin, ẹ rántí pé iṣẹ́ mìíràn ni ó ń padà wá bá ní ilé ìdáná. Ẹ gba igbá lórí rẹ̀ kí ẹ tó gbà á níyànjú kí ó sinmi.

Sí ìyá tí ó kọ̀wé: ẹ má wulẹ̀ bẹ bàbá kí ó fi ipò sílẹ̀ báyìí. Ẹ ra ìwé àkọsílẹ̀ kékeré kan fún un, kí ẹ sì bá a dá ọjọ́ tí ẹ ó jọ lọ rí dókítà nínú ọ̀sẹ̀ yìí. Bí iṣẹ́ bá wà létò tí ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ kò sì rọlẹ̀, dókítà ni yóò sọ ohun tí ó kù.

Ìjọba lè yan ọ̀gá mìíràn sí ilé-ìwé bí ọ̀kan bá lọ. Ilé ẹni kò ní ọ̀nà tí yóò gbà yan òmíràn. Ẹ tọ́jú ara yín, ó dìgbà kan ná.